Wo Òǹtẹ̀ Kí O Tó Ka Lẹ́tà

Ferrara, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní

Bàbá mi,

Ẹ kú òtútù o. Ẹ kú àdánìkanwà ilé. Mo mọ̀ pé yìnyín ti bo Dolni Brod báyìí, mo sì mọ̀ pé ẹ kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ẹ ti gorí òrùlé lọ gbá a dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ ti kúrò lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún.

Ara Ìyáàfin Ornella tí mò ń tọ́jú le dáadáa. Ó pé ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó jẹ kéèkì ègé mẹ́ta tí dókítà ní kó má jẹ, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé èmi ni mo jẹ ẹ́. Mo gbà pé èmi ni. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbé kiri láti oṣù kẹsàn-án. Mò ń kẹ́kọ̀ọ́, Bàbá. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Kì í ṣe ti àwọn tó ń fi í kọ̀wé o. Ti àwọn tó ń tún un ṣe ni, àwọn tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tó sì mọ ìdí tí ọ̀kan kò fi gbọ́ ohun tí èkejì ń sọ. Ìdánwò kan wà tí ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege kí wọ́n tó fún un ní ìwé ẹ̀rí. Tèmi bọ́ sí ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta.

Mo rí kọ̀ǹpútà kan tó ti kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń dalẹ̀ sí. Mo gbé e wálé, mo tú u palẹ̀ sórí tábìlì ìdáná. Ìyáàfin Ornella dé, ó wò ó títí, ó bi mí pé adìẹ wo ni mò ń tú ìfun rẹ̀. Lọ́sàn-án tó bá ti jẹun tán tó sùn, èmi náà á ṣí ìwé mi, ó di ìgbà tó bá jí.

Ẹ bá mi fi ata gbígbẹ ránṣẹ́. Ata ibí yìí kò ta ènìyàn. Kí ẹ sì fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí mo rà fún yín sí etí, kì í ṣe inú àpótí. Ká ní ẹ ń lò ó ni, à bá máa gbọ́ ohùn ara wa lórí fóònù bí àwọn yòókù.

Ọmọ yín,
Radosveta


Dolni Brod, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní

Rada, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí ìyá àgbà tó ń jẹ kéèkì tó ń purọ́ mọ́ ọ. Mi ò gorí òrùlé. Orí àkàsọ̀ ni mo wà, àkàsọ̀ kì í sì í ṣe òrùlé.

Àná ni Zhivka gbé lẹ́tà rẹ dé. O rántí Zhivka, ọmọbìnrin tí mo kọ́ níṣẹ́ póòsù, tó gba àpò lọ́wọ́ mi nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ kẹrìnlá lo kọ sórí lẹ́tà, ọjọ́ kẹtàdínlógún ló wà nínú òǹtẹ̀. Níbo ni lẹ́tà náà sùn fún ọjọ́ mẹ́ta? Àpò ẹ̀wù rẹ ni. Ṣé o ti gbàgbé ohun tí mo kọ́ ọ nígbà tí o ṣì kéré tí o ń bá mi pín lẹ́tà kiri? Wo òǹtẹ̀ kí o tó ka lẹ́tà. Ènìyàn lè kọ ọjọ́ tó bá wù ú sórí ìwé, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ póòsù kò mọ ti ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn, mi ò dá ọjọ́ òǹtẹ̀ padà sẹ́yìn rí fún ẹnì kankan. Dimcho tó jẹ́ olórí abúlé wa nígbà yẹn wá bẹ̀ mí, torí pé ìwé rẹ̀ ti kọjá ọjọ́ tí ìjọba dá. Ó gbé ìgò ọtí rakia méjì dání. Mo bá a mu rakia náà tán, mo sì fi òǹtẹ̀ ọjọ́ yẹn gan-an lu ìwé rẹ̀. Títí di òní, tó bá rí mi lọ́nà, ojú ọ̀run ló máa ń wò.

Má bá mi sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ etí. Ó ń kùn mọ́ mi létí bí ẹ̀fọn. Ohùn tó bá sì ti gba inú fóònù kọjá ti lọ nìyẹn. Lẹ́tà rẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń kà á.

Ní ti kọ̀ǹpútà, inú mi kò dùn, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ọ. Ọdún méjì lo sọ pé o fẹ́ lò ní òkèèrè yẹn. Ó ti di méje. Ìyá rẹ kú, o wá fún ọjọ́ mẹ́rin, o padà. Ní báyìí o tún fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n á fi fún ọ ní àga àti tábìlì níbẹ̀, kí ọ̀nà ilé lè di ìgbàgbé pátápátá. Ó yé mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lo wà tí o tú rédíò mi, o tò ó padà, síkúrù mẹ́ta ṣẹ́kù sílẹ̀ tí o kò mọ ibi tí o ti yọ wọ́n. Wọ́n ṣì wà nínú ife lórí pẹpẹ. Àwọn ará ibẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́.

Ata wà nínú páálí. Ti ọdún yìí ta gan-an.

Bàbá rẹ,
Gavril


Ferrara, ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ìnira ọjọ́ o, ẹ sì kú ìbínú. Òní ni mo kọ lẹ́tà yìí, òní náà ni mo sì máa fi í sí póòsù. Ẹ wo òǹtẹ̀ rẹ̀.

Mo ka tiyín, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí i pé èmi ni mo fà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún yín. Kì í ṣe torí Ferrara ni mo ṣe ń kàwé. Ìjọba ìbílẹ̀ Vidin ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wọn. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì dá mi lóhùn. Wọ́n fẹ́ràn mi, àmọ́ wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rí ìdánwò yìí wá kó tó di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á mú ẹlòmíràn. Láti Vidin sí ẹnu géètì wa, ogójì ìṣẹ́jú ni nínú bọ́ọ̀sì. Tí mo bá yege, mò ń bọ̀ nílé.

Mi ò fẹ́ sọ ọ́ torí ọ̀rọ̀ àgùntàn. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn mo ní mò ń bọ̀ fún ọdún Gergyovden, tí gbogbo ilé máa ń pa àgùntàn. Ẹ pa àgùntàn, ẹ tẹ́ tábìlì, mi ò wá. Lelya Mitra aládùúgbò wa sọ fún mi pé ẹ̀yin nìkan lẹ jẹ ẹran yẹn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kò pe ẹnikẹ́ni. Mi ò fẹ́ ṣe irú ẹ̀ sí yín mọ́. Mo ní tí ìwé ẹ̀rí bá dọ́wọ́ mi tán, màá wá sọ.

Ẹ̀rù ìdánwò náà ń bà mí. Ìrántí inú kọ̀ǹpútà yé mi, prínta yé mi, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé yé mi. Ohun tí kò yé mi ni bí ọ̀rọ̀ ṣe ń kúrò nínú ẹ̀rọ kan tí ó ń dé inú òmíràn ní òpin ayé láì sọnù. Àdírẹ́sì ẹ̀rọ, nọ́ńbà tó tẹ̀lé àdírẹ́sì, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní ráútà tó ń darí wọn. Mo kà á títí, ojú mi ń ṣú. Ìyáàfin Ornella ló ń bi mí ní ìbéèrè inú ìwé. Kò mọ ohun tó ń kà, àmọ́ tí mo bá gbà á, ó ní mo ṣe dáadáa. Tí mo bá ṣì í, ó máa ń bú mi bí ẹni pé òun ló kọ ìwé náà.

Ẹ má bínú sí mi mọ́.

Ọmọ yín,
Rada


Dolni Brod, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì

Rada mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Òǹtẹ̀ bá ọjọ́ mu. Mo wò ó.

Mo ti kun fèrèsé yàrá rẹ. Ó ti yẹ kí n kùn ún tipẹ́, kì í ṣe tìtorí lẹ́tà rẹ.

Wàyí o, jókòó. Ohun tí o ní kò yé ọ yẹn, iṣẹ́ mi ni. Tí lẹ́tà bá dé Vidin láti Sófíà, olú ìlú wa, ẹni tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kì í ka orúkọ ènìyàn. Kí ló kàn án? Orúkọ abúlé nìkan ló ń wò, á jù ú sínú àpò abúlé náà, á mú òmíràn. Kò mọ ilé Lelya Mitra, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo gbé àpò Dolni Brod ni mo mọ ilé. Tí mo bá wá dé ilé àwọn Kostov, ìdílé mẹ́ta ló wà lábẹ́ òrùlé kan, wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Àdírẹ́sì kan ni, ilẹ̀kùn mẹ́ta. Tí mo bá fi lẹ́tà ilẹ̀kùn kejì sí ẹnu ti àkọ́kọ́, wọn kò ní gbé e fún ẹni tó ni ín, inú iná ló ń lọ. Nítorí náà orúkọ abúlé kò tó, àdírẹ́sì ilé kò tó, ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀kùn. Lọ wo ìwé rẹ bóyá kì í ṣe èyí náà ni wọ́n ń sọ lọ́nà tó le. Mo rò pé àwa ni àwọn ènìyàn yẹn wò tí wọ́n fi ṣe é.

Ohun tí o rí nínú bébà tí mo ká yìí ni martenitsa rẹ, òwú oríire oṣù kẹta. Ìyá rẹ ló máa ń lọ́ tiwa. Láti ìgbà tó ti kú, mi ò lọ́ ọ̀kankan. Lọ́dún yìí mo jókòó, mo fi ìka ara mi lọ́ òwú pupa àti funfun pọ̀. Mo tú u lẹ́ẹ̀mẹrin. Má fi mí rẹ́rìn-ín. So ó mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta, má sì bọ́ ọ títí ẹyẹ àkọ̀ yóò fi padà sórí òpó iná iwájú géètì wa. Mo mọ̀ pé igi tó ń tanná wà níbẹ̀, wọ́n á ní tí o bá ti rí i, o lè bọ́ òwú náà kí o so ó mọ́ ọn. Mi ò gbà. Ẹyẹ tiwa ni kí o dúró dè. Mo máa kọ̀wé sí ọ lọ́jọ́ tó bá balẹ̀, mi ò sì ní kọ̀wé ṣáájú ìyẹn. Kàwé.

Bàbá rẹ,
Gavril


Ferrara, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Bàbá mi, ọ̀gá mi, olùkọ́ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ọ̀rọ̀ àwọn Kostov lẹ́ẹ̀kan, mo ṣí ìwé mi, ó sì yé mi. Ráútà ni ẹni tó wà ní Vidin. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé àdírẹ́sì ni ilẹ̀kùn mẹ́ta. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń gbá orí mọ́ ọn, ẹ fi ìdajì ojú ewé kan là á yé mi. Ní báyìí tí Ìyáàfin Ornella bá bi mí ní ìbéèrè, èmi náà á ní, "Ilẹ̀kùn kejì ni," á sì bú mi pé ìyẹn kò sí nínú ìwé.

Òun ló bá mi so martenitsa náà. Ó ní kò rí òwú tó wọ́ báyìí rí láyé òun. Èmi rò pé ó dára.

Ṣé ẹyẹ náà ti dé?

Rada yín


Ferrara, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ojúlọ́nà o. Mo mọ̀ pé ẹ ní ẹ kò ní kọ̀wé títí ẹyẹ yóò fi balẹ̀, ẹ̀yin náà sì kì í yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yín. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ìdánwò ti fi òfin wọn ránṣẹ́. Ènìyàn kò gbọdọ̀ mú ohunkóhun wọlé: aago, òrùka, bébà, tàbí ohunkóhun tó wà lọ́rùn ọwọ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ. Gbogbo òwúrọ̀ ni mò ń sọ̀kalẹ̀ lọ wo àpótí lẹ́tà, Ìyáàfin Ornella sì ti ń bi mí bóyá mo ní ọ̀rẹ́kùnrin ni. Mo sọ fún un pé ẹyẹ ni mò ń retí. Ó ní òun náà ti retí irú wọn rí nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́.

Ẹ bá mi wo òpó náà dáadáa.

Rada


Ferrara, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le, ẹ má ṣàníyàn nípa ìyẹn.

Mi ò yege. Máàkì mọ́kànlá péré ló kù.

Lẹ́tà yín kò dé, mo sì wọ òwú náà lọ. Obìnrin kan tó wọ gíláàsì ló ń yẹ gbogbo wa wò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n ká apá aṣọ mi sókè, ó rí i. Mo ṣàlàyé fún un, mo sọ ti oṣù kẹta, mo sọ ti ẹyẹ, mo sọ tiyín. Ó gbọ́ mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Àǹtí, kí òwú wọlé tàbí kí ìwọ wọlé. Ẹ̀yin méjèèjì kò lè jọ wọlé." Ó nawọ́ sísọ́ọ̀sì sí mi. Èmi fúnra mi ni mo gé e.

Mo wá jókòó síwájú ẹ̀rọ, ọwọ́ mi ń ṣe mí bí i pé ó ṣófo. Ìbéèrè prínta tí mo lè dáhùn lójú oorun, mo tẹ èyí tí kì í ṣe òun. Mo rí i pé mo ti ṣì í, ẹ̀rù bà mí, mo tún ṣi mẹ́ta mìíràn. Mo mọ̀ pé òwú ni. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí, mo mọ̀ pé òwú ni. Síbẹ̀ ohun tí mò ń rò ni pé bàbá mi fi ìka ara rẹ̀ lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ní kí n má bọ́ ọ, mo sì gé e.

Ọjọ́ tí wọ́n tún fún mi ni ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún. Tí mo bá tún ṣubú, Vidin ti lọ nìyẹn. Mi ò mọ̀ bóyá màá padà jókòó fún un. Mo ti kó ìwé náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ má pa àgùntàn kankan.

Rada


Dolni Brod, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹta

Rada, ọmọ mi,

Mo kí ọ o, ara mi le, ara adìẹ náà le. Mo ní mi ò ní kọ̀wé títí ẹyẹ yóò fi dé. Ó ti dé. Lówùúrọ̀ òní, bí mo ṣe ń da oúnjẹ fún adìẹ, ó balẹ̀ sórí òpó, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu pa kàkàkà. Lelya Mitra náà jáde wá wò ó.

Nítorí náà, láti òní lọ, bọ́ òwú náà tó bá wù ọ́. Kódà kí o fi sísọ́ọ̀sì gé e, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún ọ pé òwú ló ń di ọpọlọ ènìyàn mú. Orí rẹ pé. Bí nǹkan bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, má gbé ìwé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibi tó ti bọ́ gan-an ni kí o padà sí, kí o kà á.

Bàbá rẹ tí kì í purọ́,
Gavril


Ferrara, ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún Gergyovden o. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fẹ́ kí n ní nǹkan kan láti sọ kí n tó mú bírò.

Mo yege. Àná ni. Máàkì mi fi ogójì ju èyí tí wọ́n ń fẹ́ lọ. Obìnrin onígíláàsì ọjọ́sí náà ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọrùn ọwọ́ mi, ó bi mí bóyá ẹyẹ ti dé. Mo ní ó ti dé. Mo ti fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí Vidin, wọ́n sì ti gbà mí. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni màá wọ bọ́ọ̀sì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ni màá dé. Àbúrò Ìyáàfin Ornella ń bọ̀ wá bá a gbé. Ó sunkún, ó nu ojú, ó wá sọ pé òun fúnra òun ti mọ kọ̀ǹpútà tó láti ṣe ìdánwò náà, ọjọ́ orí ló kàn dí òun lọ́wọ́.

Bàbá, nígbà tí lẹ́tà yín dé, mo wo òǹtẹ̀ kí n tó kà á, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ló wà níbẹ̀. Mo wá ṣí i, mo rí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹta. Mo rí sísọ́ọ̀sì, mo rí ìwé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí mi ò tíì sọ fún yín nígbà yẹn. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo tún wo òǹtẹ̀ náà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ẹ kò fi parọ́ ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kò ṣe é fún Dimcho àti ìgò rakia rẹ̀ méjì. Ẹ ṣe é fún mi.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fa ìwé jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ yín,
Rada


Dolni Brod, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún

Rada,

Mo kí ọ kú oríire. Mo ti ka lẹ́tà náà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta. Lelya Mitra náà ti kà á. Zhivka náà ti kà á, èyí tí òfin póòsù kò fàyè gbà.

Ó dára, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ẹyẹ náà kò tíì dé nígbà tí mo kọ̀wé yẹn. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ló tó balẹ̀, ó pẹ́ ju ti ọdún gbogbo lọ. Mo dúró sábẹ́ òpó, mo sọ fún un pé ó ti ba orúkọ mi jẹ́.

Ohun tó tún burú jùyẹn lọ ni pé mo gbé lẹ́tà yẹn lọ bá Zhivka. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dá ọjọ́ òǹtẹ̀ padà sí oṣù kẹta. Mo gbé rakia dání. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá Gavril, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í ṣe é." Ó fi òǹtẹ̀ ọjọ́ yẹn lu lẹ́tà náà lójú mi. Ojú tì mí débi pé mo gba ẹ̀yìn ilé Dimcho padà. Inú mi sì dùn, Rada. Mo kọ́ ọmọ yẹn dáadáa.

Àgùntàn náà wà níhìn-ín. Mo rà á nínú oṣù kejì, lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ dé, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Gergyovden kọjá, mi ò pa á. Àgùntàn gbogbo abúlé ti kú, tèmi ń jẹ koríko lẹ́yìn ilé, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní n ò ní fi ọwọ́ kàn án títí màá fi rí ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu géètì.

Mo ti fi ẹ̀rọ sí etí kí n lè gbọ́ ìró bọ́ọ̀sì. Síkúrù mẹ́ta inú rédíò wà lórí tábìlì rẹ. Wá wá ibi tí wọ́n ti jáde.

Má fèsì lẹ́tà yìí. Ọjọ́ mẹ́jọ ni lẹ́tà máa ń lò lọ́nà, ìwọ á ti dé kí èsì rẹ tó dé.

Bàbá rẹ,
Gavril